Fáìn Tí Mo Gbé Lọ sí Rọ́ṣíà

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa ní Ìkòròdú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá kí mi káàbọ̀, tẹ́ ẹ bi mí pé, "Jámíù, Rọ́ṣíà ńkọ́?", tí mo sì dá yín lóhùn pé, "Fáìn ni," ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa. Àwọn kan nínú yín tiẹ̀ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá, mo jókòó ti irọ́ yẹn, mo mu ún tán. Ẹ jẹ́ kí n tún ìròyìn náà rò látìbẹ̀rẹ̀, kí ohun tí mo mu má baà di gbèsè sí mi lọ́rùn.

Ẹ mọ̀ mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, orí mi tóbi, ṣùgbọ́n ààyè ló pọ̀ nínú ẹ̀. C6 ni mo gbà nínú ẹ̀kọ́ òyìnbó nígbà tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Èmi yìí kan náà ni mo lọ di tíṣà òyìnbó ní Rọ́ṣíà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo sì rí kọ́ èèyàn: fine, èyí tí gbogbo wa ń pè ní fáìn. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ló tú mi fó.

Sàráà

Kí n tó lọ, màámi mú mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti dágbére fún Màmá Ẹ̀pẹ́, ìyá tó bí màámi. Ẹja ni Màmá ń tà láti kékeré. Ó lè di ojú, kó fi ọwọ́ kan ẹja lásán, kó sọ irú ẹja tó jẹ́ fún ẹ àti ọjọ́ tó kúrò lómi. Àwọn baba ńlá ẹ̀ wà lára àwọn tó bá ọba wọn sá kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́ láyé àtijọ́, nítorí náà, kéèyàn di ẹrù kó fi ìlú sílẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun nílé wa. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn sá lọ síbi tí ẹja ti ń lúwẹ̀ẹ́. Èmi ń lọ síbi tí omi ti ń dì mọ́ ẹja lára.

Màmá pa àgbò, ó pe àwọn alfa, ó sọ fún gbogbo agboolé pé ẹnjiníà ni mò ń lọ dà.

"Ẹnjiníà kí ni?" ni ẹnìkan béèrè.

"Ti gbogbo ẹ̀!" ni Màmá dáhùn.

Gbogbo wọn ní àmín. Mo wo ẹran àgbò tó wà nínú abọ́ mi, mo mọ̀ pé bí mo bá padà wá lọ́wọ́ òfo, ojú Màmá ló máa kọ́kọ́ tì. Ṣùgbọ́n ẹran náà rọ̀, mo jẹ ẹ́.

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbọ́, Jámíù. Ẹnikẹ́ni tó bá bi ẹ́ níbẹ̀ pé báwo ni, àlàáfíà ni kó o sọ. Má fi ẹnu ara ẹ ròyìn ibi."

"Tí òtútù bá ń pa mí ńkọ́, Màmá?"

"Alhamdulillahi ni kó o sọ."

"Tébi bá ń pa mí?"

"Alhamdulillahi. Kó o wá lọ wá nǹkan jẹ."

Ẹni tí kò dé fìlà

Ilé ìwé tí mo lọ wà ní ìlú kan létí odò Vólgà. Ọdún kan gbáko ni wọ́n máa fi kọ́ àlejò ní èdè Rọ́ṣíà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó tìtorí ẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá yege nínú èdè, ó máa padà sílé. Mo gbọ́ èyí, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní èdè wo ni ẹnu ò lè kọ́?

Òtútù ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mìíràn, n ò lè ṣàlàyé ẹ̀ fẹ́ni tó jẹ́ pé ọyẹ́ Ìkòròdú ló mọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo bọ́ síta, irun imú mi le gbọnrangbọnran bí ìgbálẹ̀. Mo kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé: ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ ta oògùn làkúrègbé fún wọn. Ará ibẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín sí àlejò. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni wọn ò fẹ́ràn, àfìgbà tí mo rí i pé wọn ò rẹ́rìn-ín síra wọn náà.

Ọjọ́ kẹta, mo wọ tráámù, ọkọ̀ gígùn kan tó máa ń rìn lórí irin láàárín ìgboro. Ìyá àgbà kan tí n ò rí rí dìde lórí ìjókòó ẹ̀, ó ń pariwo mọ́ mi, ó ń na ìka sí mi lórí. Mo ti ń wá ibi tí mo máa gbà sá. Àṣé torí pé n ò dé fìlà ni! Ó fa ìbòrí ẹ̀wù mi sókè, ó dì í mọ́ mi lágbárí, ó so okùn ẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, ó padà lọ jókòó. Kò rẹ́rìn-ín o. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí ní ìfẹ́, wọn ò kàn fi í sí eyín ni.

Ilé Tamára

Yàrá kan ni mo gbà nílé ìyá kan tó ń jẹ́ Tamára, alásè nílé ìwé àwọn ọmọdé, ẹgbẹ́ màámi gan-an. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn fún mi, mo ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà. Ó kígbe, ó sáré wọlé. Ó padà dé pẹ̀lú omi nínú ife àti nǹkan tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, kí n tó dìde, ó ti dì í mọ́ mi lápá. Ó rò pé mo dákú ni.

Orúkọ ẹ̀ tún jẹ́ wàhálà. Níbẹ̀, orúkọ àgbà gan-an ni wọ́n ń pè, wọ́n á wá fi ti bàbá ẹ̀ kún un, ìyẹn ni ọ̀wọ̀. Èmi ọmọ Ìyá Jámíù kí n la ẹnu pe ẹgbẹ́ ìyá mi lórúkọ? "Màámi Tamára" ni mo ń pè é. Ó ní kí ni màámi. Mo ní ohun tí mo fi dípò orúkọ bàbá ẹ̀ ni.

Oúnjẹ ẹ̀ ńkọ́? Ó ní ọbẹ̀ kan tó pupa bíi pé ogójì ata rodo ló wọ inú ẹ̀. Mo ti bọ́ súẹ́tà sílẹ̀, mo ń múra láti làágùn. Mo bu ṣíbí kan: ata kankan ò sí níbẹ̀, ó dùn bí ẹni fi ṣúgà sí i. Ọbẹ̀ náà jọ mí. Òde ń pariwo, inú ò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ó bi mí lọ́jọ́ kìíní bóyá mò ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀, mo ní rárá, kò tún bi mí mọ́, kò sì fi sínú ọbẹ̀ mi títí mo fi kúrò.

Tíṣà fáìn

Ọmọbìnrin Màámi Tamára lọ́kọ sí Ayálándì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ síbẹ̀. Tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá fẹ́ lọ wo ọmọ ọmọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àna ò gbọ́ Rọ́ṣíà, òun náà ò gbọ́ òyìnbó. "N ò fẹ́ lọ jókòó sáàárín wọn bí àwòrán ara ògiri," ló wí. Ó ní ṣé mo lè kọ́ òun. Mo ní ha, kí lẹ fi mí pè? C6 ò jáde lẹ́nu mi.

Tíì àti jáàmù ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Rọ́ṣíà díẹ̀ tí mo ti gbọ́ la fi ń sọ̀rọ̀, ibi tí kò bá dé, a máa fi ọwọ́ júwe. Mo ní, "Tí wọ́n bá bi yín pé báwo ni, ẹ sọ pé fáìn."

"Fáìn. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

"Ó dára."

"Ó dára gan-an?"

"Rárá... ó dára díẹ̀."

Ó ṣí ìwé ẹ̀. "Níbí, wọ́n ní ojú ọjọ́ fáìn. Oòrùn ràn, kò sí kùrukùru. Ṣé díẹ̀ nìyẹn?"

"Ìyẹn dára gan-an."

"Nígbà náà, tí mo bá ní mo fáìn, ṣé oòrùn ń ràn nínú mi ni?"

Ẹ̀yin ará, tíṣà yín làágùn. Mo ní ó dọwọ́ ohùn. Fáìn tó bá ga sókè, òdodo ni. Fáìn tó bá tẹ́jú pẹrẹsẹ, "fi mí sílẹ̀" ni. Lọ́dọ̀ tiwa l'Ékòó, tí ọmọge bá fáìn, ìyẹn tún yàtọ̀, ẹwà ni. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn náà ní ọ̀rọ̀ kan, nọrmálnọ, tó túmọ̀ sí pé ẹni náà ṣì ń mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bi èèyàn bó ṣe wà lọ́dọ̀ wọn, ó ti múra àtigbọ́ ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kì í béèrè.

"Orúnkún mi ń dùn mí," ló wí. "Àna mi bi mí pé báwo ni. Ṣé fáìn náà ni?"

"Fáìn ni, mà."

"Kí ló dé tí màá fi parọ́ fún àna mi lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé?"

"Kì í ṣe irọ́, Màámi. Ìwà ọmọlúwàbí ni."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àmì ìbéèrè sí i.

Tráámù

Lóṣù kìíní ọdún, wọ́n dán wa wò nílé ìwé. Èmi ni mo ṣe ìkẹyìn. Wọ́n ní ká kọ nípa ẹbí wa, mo fẹ́ kọ ọ́ pé ìyá mi àgbà ń ta ẹja, mo kọ ọ́ pé ẹja ni ìyá mi àgbà. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, títí kan tíṣà wa, ará Rọ́ṣíà tí kì í rẹ́rìn-ín! Tíṣà ní bí mo bá ṣe báyìí lóṣù kẹfà, ilé yá.

Ojú tì mí, mo wá ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n èèyàn máa ṣe: n ò lọ sílé ìwé mọ́. Láràárọ̀, mo máa múra, màá gba búrẹ́dì àti ẹyin lọ́wọ́ Màámi Tamára, màá gbé báàgì kọ́ apá, màá lọ wọ tráámù. Ìjókòó ẹ̀yìn ń gbóná lábẹ́. Màá jókòó títí dé etí odò, màá tún bá a padà, àlọ àti àbọ̀, bí ẹrù tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà. Mo tún wá ń wúkọ́. N ò lè jẹun dáadáa mọ́. Tí màámi bá pè láti Ìkòròdú, màá gbé ohùn mi sókè, fáìn tó ga: "Fáìn ni, màámi! Ìwé ń wọlé!" Ó máa pe Ẹ̀pẹ́, Ẹ̀pẹ́ máa dúpẹ́, àwọn alfa máa tún ṣàmín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Màámi pè

Ọjọ́ Sátidé kan, màámi ní òun fẹ́ kí ìyá tó ń tọ́jú ọmọ òun. Ẹ mọ màámi, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni, òun ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi láràárọ̀ láti Èbúté lọ sí Èkó. Ó ti wé gèlè, ó gbé fóònù síwájú, ó fi òyìnbó ọ́fíìsì sọ ọ́ pé, "Ẹ káalẹ́ mà, báwo lẹ ṣe wà?"

Màámi Tamára wò mí, ó na ọrùn, ó ní, "Fáìn, ẹ ṣé. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó! Ohùn ẹ̀ ga bó ṣe yẹ kó ga. Mo ní tíṣà ni mí lóòótọ́.

Màámi ní, "Ọmọ mi ńkọ́?"

Màámi Tamára gbé ife tíì sílẹ̀. "Ọmọ yín ò fáìn," ló wí.

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò, ó ń to òyìnbó tó ti kọ́ nínú ìwé ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ó ń wúkọ́. Kì í jẹun. Kì í lọ sílé ìwé. Ọ̀rẹ́ mi ló ń wa tráámù, lánàá ló sọ fún mi. Láràárọ̀ ló ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀. Kò fáìn rárá."

Màámi tú gèlè, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Jámíù."

"Màámi."

"Ṣé iṣẹ́ kọ̀ńdọ́ ni mo rán ẹ lọ kọ́ ní Rọ́ṣíà?"

"Rárá, mà."

"Torí tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ èrò lo fẹ́ máa gùn kiri, gáréèjì ò jìnnà sílé wa níbí." Ohùn ẹ̀ wá yí padà. "Ikọ́ yẹn, láti ìgbà wo?"

Ìgbà tó béèrè ikọ́ yìí ni ẹkún gbọ̀n mí. Mo ti rò pé omijé mi ti dì.

Nígbà tá a pa fóònù tán, mo bínú. "Màámi Tamára, kí ló dé tẹ́ ẹ tú mi fó?"

"Ìyá ẹ ló béèrè," ló wí. "Àbí kò béèrè?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kọ́kọ́ mú mi lọ rí dókítà, ó wá fà mí lápá ẹ̀wù wọ kíláàsì bí ọmọ jẹ́léósinmi, lójú gbogbo wọn. Ikọ́ lọ. Mo kàwé, mo kà á dọ́kàn. Lóṣù kẹfà, mo tún fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kẹta láti ìsàlẹ̀ ni mí. Ẹ bá mi dúpẹ́. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, Màámi Tamára ní ká jókòó. Àṣà wọn ni, tẹ́nìkan bá fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn, gbogbo ará ilé á jókòó ti ẹrù díẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀. A jókòó. Mo fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó fà mí síta kó tó gbà á, torí èèwọ̀ ni kéèyàn kíra wọn lórí ìloro. Ó so okùn ìbòrí mi lábẹ́ àgbọ̀n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni o. Mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú.

Ẹ̀pẹ́

Ohun tí màámi kọ́kọ́ sọ nígbà tó rí mi ni pé, "Màmá Ẹ̀pẹ́ ò mọ̀ o. Họ́lídè ni mo sọ fún un. Ara ẹ̀ ò gba irú ẹ̀." Bí fáìn tí mo ń dá yín lóhùn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn Màámi Tamára dé sórí fóònù mi láti Ayálándì. Ó ní ìyá ọkọ ọmọ òun bi òun ní pápákọ̀ pé báwo ni, òun sì dáhùn pé: "Orúnkún mi ń dùn mí. Inú bàálù tutù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní fẹ́ràn mi. Mo ti rí ọmọ. Fáìn." Ó ní ìyá yẹn di òun mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìbàdí tiẹ̀, wọn ò tíì dákẹ́ títí di òní. "Tíṣà," ló wí, "mo ti rí i. Ipò ìkẹyìn ni ọ̀rọ̀ yẹn ń wà."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń jẹ lẹ́nu títí ọkọ̀ wa fi kọjá Agbówà lọ́jọ́ tí èmi àti màámi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Màmá jókòó síwájú ilé, ó ń to ẹja gbígbẹ. Ó nawọ́ sí màámi, ó ní, "Ẹnjiníà mi!" Màámi ní, "Èmi ni, Màámi. Jámíù nìyí." Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní oòrùn ló ń tàn sí òun lójú. Ó bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, díẹ̀ kán sórí tábìlì.

"Jámíù mi. Ṣé àlàáfíà lo dé?"

Alhamdulillahi ti wà lórí ahọ́n mi. Gbogbo agboolé ń wo ẹnu mi. Màámi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

"Màmá, mo fìdí rẹmi," ni mo wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ti dá mi padà. Kì í ṣe họ́lídè. Mo parọ́ fún yín láti oṣù kìíní." Mo mí. "Ṣùgbọ́n mo dé láàyè. Alhamdulillahi."

Ẹja kan wà lọ́wọ́ Màmá, ó ń fi àtàǹpàkò rìn lára ẹ̀ láti orí dé ìrù.

"Ṣé o jalè ni?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o bá obìnrin olóbìnrin lọ?"

"Màmá! Nínú òtútù yẹn?"

"Ìwé lo ò mọ̀?"

"Ìwé ni n ò mọ̀, mà."

"Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn," ló sọ fún màámi, kò tiẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. "Etí mi ṣì ń gbọ́." Ó gbé ẹja sílẹ̀. "Èmi náà parọ́. Láti ìgbà ààwẹ̀, ojú ọ̀tún mi yìí ò ríran mọ́. Tòsì náà ti ń ṣú. Ọwọ́ ni mo fi ń dá ẹja mọ̀."

Màámi fò dìde. "Màámi! Àná tí mo pè yín, ṣebí ẹ ní dáadáa ni!"

"Ṣé o béèrè ojú? Báwo ni lo béèrè."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, àfi Màmá fúnra ẹ̀. Ó wá sọ fún àwọn ará agboolé tó dúró yí wa ká pé àgbò tí òun pa kò ṣòfò, wọ́n ti jẹ ẹ́, kò lè padà.

Lọ́jọ́ kejì, mo di Màmá lọ́wọ́ mú lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ kékeré báyìí, kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ. "Màmá, báwo lara o?"

Màmá la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ díẹ̀.

Ó pòṣé, ó fi ọwọ́ wá etí àga, ó jókòó, ó gbá àga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Wá jókòó, ọmọ mi," ló sọ fún nọ́ọ̀sì náà. "Ó pọ̀."